Orí Keje: Ta Ni A Ó Di Mú? Ìlànà Ìjọba àti Ìdarí Nínú Iṣẹ́ Ìtọ́jú Àgbà

Kí á tó dárúkọ òfin kankan, ẹ jẹ́ ká lọ sí Tẹ̀dé, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ ATISBO ní Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí á fi màmá kan ṣe àpẹẹrẹ. Àfinúrò ni màmá yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé ní agbègbè náà yóò ti rí irú rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Nínú ọmọ márùn-ún tó bí, méjì wà ní Ìbàdàn, ọ̀kan wà l'Ékòó, ọ̀kan wà ní ìlú òyìnbó. Àbígbẹ̀yìn nìkan ló kù nílé, oko iṣu àti àgbàdo tó ń ro sì jìn sí ìlú. Orúnkún ń dun màmá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ojú rẹ̀ ọ̀tún sì ti ń ṣú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ wọn ẹ̀jẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ pe ọlọ́kadà wá. Màmá so ìró rẹ̀ le, ó di èjìká ọlọ́kadà mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì mú káàdì ìwòsàn tó ti gbó, tó fi ọ̀rá wé. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ kí i, ó wé ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, ó wò ó títí.

“Màmá, ó ga o. Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?”

“Mo ń lò ó, ọmọ mi. Mo ń lo ọ̀kan lónìí, kí n fo ọ̀la.”

“Ojoojúmọ́ la ní kẹ́ ẹ máa lò ó, Màmá.”

“Mo gbọ́. Bí mo bá ń lò ó lójoojúmọ́, kò ní bá mi dé ọjọ́ tí ọmọ máa fowó ránṣẹ́.”

Nọ́ọ̀sì yìí ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, a mọ àrùn, a mọ oògùn. Ohun tó kù kò sí nínú yàrá náà. Ó wà nínú ìṣúná, nínú òfin, àti lọ́wọ́ àwọn tó ń darí. Òun ni a ó máa wá nínú orí yìí.

Ta ni olùpèsè ìtọ́jú?

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá dárúkọ olùpèsè ìtọ́jú àgbà, ohun tó ń wá síni lọ́kàn ni ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn arúgbó, tó ní máníjà, òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù àti ìwé àṣẹ ìjọba. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀, ìlú ńlá ni wọ́n sì wà. Regina Mundi ní Muṣin l'Ékòó, tí ìjọ Kátólíìkì ń bójú tó, jẹ́ ọ̀kan. Ní Tẹ̀dé, olùpèsè ìtọ́jú ni ìyàwó ilé tó ń gbé omi gbígbóná wọlé fún ìyá ọkọ rẹ̀ kó tó lọ sọ́jà. Òun ni ọmọ ọdún méjìlá tó ń sùn ní yàrá ìyá àgbà nítorí òru. Òun ni òṣìṣẹ́ ìlera tó ń gun ọ̀kadà lọ sí abúlé. Òun ni ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ àsàlátù ní mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ń kówó jọ fún aláìsàn, àti oníkẹ́míìsì tó ń ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní hóró-hóró nítorí pé àwọn oníbàárà rẹ̀ kò lè ra páálí.

Àwọn àgbà wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Láyé àtijọ́, òwe yìí gan-an ni ìlànà ìtọ́jú àgbà nílẹ̀ Yorùbá, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tó gbé e ró ni pé ọmọ ń gbé nítòsí, ilẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àgbà: ẹni tó bá fẹ́ jogún oko ní láti wà níbi tí oko wà. Nígbà tí owó oṣù wá di ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ filé sílẹ̀, òwe náà kò yí padà, ilẹ̀ tó dúró lé ló yẹ̀.

Ó ń ká mi lára bí olóṣèlú bá dìde tó ní àwa Yorùbá kì í pa àgbà tì, tó sì fi ìyẹn ṣe ìdí tí kò fi sí owó fún àgbà nínú ìṣúná. Òótọ́ ni pé a kì í pa wọ́n tì. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé tó ń gbé omi gbígbóná yẹn kò ní ìsinmi, kò gba kọ́bọ̀, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí aláìlèdìde lórí ibùsùn kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn. Òun ni ètò ìtọ́jú àgbà tí a ní, a kò sì rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba kankan.

Ohun tí òfin sọ

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gbàgbé àgbà. Abala 16 ní kí ìjọba darí ìlànà rẹ̀ kí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè lè rí ibùgbé tó yẹ, oúnjẹ tó tó, owó oṣù tó ṣeé gbọ́ bùkátà, ìtọ́jú ọjọ́ ogbó àti owó ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n Orí Kejì ìwé òfin náà ni abala yìí wà, abala 6 sì ti sọ pé ilé ẹjọ́ kò ní agbára lórí ohun tó wà ní Orí Kejì, àfi níbi tí ìwé òfin náà fúnra rẹ̀ bá ti fàyè sílẹ̀. Ìjọba jẹ àgbà ní gbèsè, àgbà kò sì lè sin ín.

Àtẹ Kẹrin ìwé òfin kan náà ló to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò máa dá itẹ́ òkú àti ilé fún àwọn aláìní àti aláìlera sílẹ̀, tí yóò sì máa tọ́jú wọn. Gbólóhùn kan náà ló kó itẹ́ òkú àti ilé aláìlera pọ̀. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá kà á. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ rí ohun tó wúlò nínú rẹ̀: iṣẹ́ náà ní ẹni tó ni ín, kì í ṣe ẹrù aláìlólúwa. Sẹkitéríàtì tó wà ní Tẹ̀dé ni ó kàn ní ATISBO.

Àwọn òfin mìíràn ti tẹ̀ lé e. Ní 2014, òfin ìlera orílẹ̀-èdè ní kí wọ́n ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó àpò àpapọ̀ ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ètò ìlera alábọ́ọ́dé. Òfin 2017 dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀. Àbújá ni ibùdó náà wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, ọdún tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ọ̀rọ̀ àgbà. Òfin 2022 sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn, ó sì ka àgbà mọ́ àwọn aláìlágbára tí owó àkànlò yóò gbé tiwọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà.

Ìwé wọ̀nyí pọ̀, wọ́n sì dára. Ṣùgbọ́n láti Àbújá dé yàrá nọ́ọ̀sì ní Tẹ̀dé, ọwọ́ mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ náà ń gbà kọjá: ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìwòsàn. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lè na ìka sí èkejì láìparọ́. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹni tó ń kọ́ ìdarí gbọ́dọ̀ máa bi kò nira láti sọ: bí oògùn màmá bá tán, ta ni a ó di mú?

Owó: Èkìtì, Ọ̀ṣun, àti Lesotho

Owó ìfẹ̀yìntì kò dé oko. Òfin ìfẹ̀yìntì 2014, tó rọ́pò ti 2004, ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ó kéré tán ìdá 10 nínú 100 owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ san ìdá 8. Ẹni tó fi àádọ́ta ọdún gbin iṣu, tó lọ èlùbọ́, tó ṣa èso emi ṣe òrí, kò ní agbanisíṣẹ́. Ní oṣù Kẹta 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò ìfẹ̀yìntì oníwọ̀nba fún oníṣẹ́ ọwọ́, oníṣòwò àti àgbẹ̀. Ọ̀dọ́ àgbẹ̀ lè rí nǹkan níbẹ̀. Màmá wa kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ọjọ́ ogbó nígbà tí ogbó ti dé.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ní 2011, lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí: ₦5,000 lóṣù fún àwọn tó ti pé ọdún 65 tí wọn kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn tó ń gbà á lé ní 20,000. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gbé Àgbà Ọ̀ṣun kalẹ̀: ₦10,000 lóṣù fún àgbà 1,602 tí àìní wọn le jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí a bá fi 20,000 ènìyàn ṣe òṣùwọ̀n, ti Èkìtì jẹ́ ₦100 mílíọ̀nù lóṣù. Ti Ọ̀ṣun jẹ́ ₦16.02 mílíọ̀nù. Èkìtì mú owó tó kéré, ó pín in fún ọ̀pọ̀. Ọ̀ṣun sọ ọ́ di ìlọ́po méjì fún ìwọ̀nba. Yíyàn gidi nìyí, aṣáájú kò sì lè sá fún un: bí o bá pín in fún gbogbo wọn, kò ní tó, bí o bá yan díẹ̀, ìwọ ni yóò ṣàlàyé fún aládùúgbò tó jókòó ní ẹnu ọ̀nà kejì.

Ìṣòro mìíràn ni pé owó ń sọ agbára nù. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní 2011 jẹ́ ₦18,000, nítorí náà ₦5,000 ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ. Láti 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ. ₦5,000 kan náà kò ju nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 rẹ̀ lọ. Ìlànà tí kò sọ bí owó yóò ṣe máa gòkè ti kọ ikú ara rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó Èkìtì kò dúró dìgbà tí yóò gbó. Nígbà tí ìjọba mìíràn gorí àlééfà ní oṣù Kẹwàá 2014, ó dáwọ́ dúró. Ẹni tó ti ń fi owó yẹn ra oògùn kò ní ibi tí yóò gbé ẹ̀sùn lọ, nítorí pé lójú tirẹ̀, ẹ̀bùn gómìnà ni, gómìnà sì ti lọ.

Ẹ fi wé Lesotho, orílẹ̀-èdè olókè tí Gúúsù Áfíríkà yí ká, tí kò lówó rárá. Ní 2004, ó bẹ̀rẹ̀ sí í san 150 màlótì lóṣù fún gbogbo àgbà ọdún 70 sókè tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì mìíràn, ó sì ṣòfin lé e lórí lọ́dún kejì. Ìjọba ti yí padà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà, owó náà kò dúró. Ṣe ni wọ́n ń fi kún un. Ọ̀rọ̀ àgbà di ọ̀rọ̀ ìdìbò níbẹ̀: ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ wọlé ń ṣèlérí àfikún, kò sí èyí tó láyà láti gbé e kúrò. Nítorí pé ó kárí, gbogbo ilé ló ní ẹni tí yóò pariwo bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Gẹ́gẹ́ bí èrò tèmi, ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú orí yìí nìyí. Inú rere ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Èkìtì àti ní Lesotho. Ní Lesotho, ó di ẹ̀tọ́ tí arúgbó lè dárúkọ.

Ọmọ ọdún mélòó ni yín, Màmá?

Ìkànìyàn tí Nàìjíríà ṣe kẹ́yìn jẹ́ ti 2006. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 45 nígbà náà ti wọ iye àwọn àgbà ní báyìí. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ ra oògùn fún àgbà kò lè sọ iye hóró tí yóò rà.

Ìṣòro kékeré kan tún wà tí ó máa ń da òṣìṣẹ́ tó ń kọ orúkọ láàmú. Ètò ní ọdún 65; màmá kò mọ ọdún tí wọ́n bí i. Fóọ̀mù ní ká kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún. Òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́n yóò kọ ohunkóhun tó bá wá sí i lọ́kàn, tàbí kó dá màmá padà pé kó lọ gba ìwé wá ní kóòtù. Èyí tó gbọ́n yóò béèrè ìtàn. Ṣé ẹ ti mọ nǹkan nígbà òmìnira, ní 1960? Kí lẹ ń ṣe nígbà ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, ní 1968 sí 1969? Nígbà tí wọ́n yí pọ́n-ùn àti ṣílè sí náírà, ní oṣù Kìn-ín-ní 1973, ṣé ẹ ti lọ́kọ? Bí màmá bá ní òun ń fọ́mọ kejì lọ́mú nígbà tí náírà dé, òṣìṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìdáhùn. Ètò tó dára máa ń kọ irú ìbéèrè báyìí sínú ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ kó tó rán òṣìṣẹ́ jáde, ó sì máa ń mú wọn láti inú ìtàn agbègbè náà.

Àwọn tó ń tọ́jú ń lọ

Ní oṣù Kejì 2022, ìjọba Bìrìtéènì fi àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú àgbà kún àwọn tó lè gba físà iṣẹ́ ìlera. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, tí ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn, gba ọ̀nà náà: olùkọ́, akọ̀wé báńkì, nọ́ọ̀sì. Wọ́n ń wẹ arúgbó ní Manchester, wọ́n ń fún un lóògùn ní àkókò, wọ́n ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024, wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìtọ́jú kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà fún àwọn tó bá ń ti ilẹ̀ òkèèrè bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹ wo ọmọ màmá wa tó wà ní ìlú òyìnbó. Ó lè jẹ́ ìyá ẹlòmíràn ló ń tọ́jú níbẹ̀, tó sì ń fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sílé kí ìyá tirẹ̀ lè fi ra oògùn. N kò bá a wí. Owó tó ń fi ránṣẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ tí ìṣúná kò ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣètò ìtọ́jú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé owó kò lè yí aláìlèdìde lórí ibùsùn, àti pé ìlànà físà tí wọ́n ṣe ní London lè ṣí ọ̀nà oògùn fún màmá kan ní Tẹ̀dé tàbí kó dí i.

Àwọn nọ́ọ̀sì tí kò kúrò ní Nàìjíríà pàápàá ń wá bí wọ́n yóò ṣe dé ìlú ńlá. Láti Tẹ̀dé sí Ìbàdàn lé ní 150 kìlómítà. Ọ̀nà Moníyà sí Ìsẹ́yìn, tó jẹ́ 65 kìlómítà, tí wọ́n tún ṣe, ti mú ìrìn náà fúyẹ́. Ṣùgbọ́n aṣáájú tó bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ dúró ní Òkè-Ògùn yóò ro ilé tí òṣìṣẹ́ náà yóò gbé, iná, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, àti ààbò lójú ọ̀nà.

Nígbà tí àgbà bá ń ṣarán

Láti 1992, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà jọ ṣe ìwádìí lórí àwọn àgbà ọdún 65 sókè: àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn, àti àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní Indianapolis. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì náà kó ipa ńlá. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú àgbà 100 ní Ìbàdàn, nǹkan bí 1.35 ni àrùn ìgbàgbé ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan; ní Indianapolis, 3.24. Ó dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú ní Òkè-Ògùn kì í sábà rí dókítà tí yóò dá a mọ̀. Ilé ìtọ́jú àgbà ti ilé ìwòsàn ńlá UCH, tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè, ṣí ní 2012, ó sì ń ṣe gudugudu méje. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló wà.

Nítorí náà, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pe àrùn náà nílé. Ìyá kan jáde lóru, ó ń dá sọ̀rọ̀, ó ń wá ọjà tí wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀ láti ogún ọdún. Bí ó bá jẹ́ opó, tí ọmọdé kan sì ṣàìsàn ládùúgbò lọ́sẹ̀ yẹn, a mọ ohun tí àwọn kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Kò sí òfin Àbújá tó lè tètè dé ibẹ̀. Ọba ìlú, Onítẹ̀dé, pẹ̀lú àwọn baálẹ̀, ìmáàmù, pásítọ̀ àti ìyálọ́jà ló lè dá ọ̀rọ̀ náà dúró kó tó di òkò. Wákàtí méjì tí nọ́ọ̀sì bá fi ṣàlàyé fún wọn pé àìsàn ọpọlọ ni arán, pé bí ẹsẹ̀ ṣe ń rọ ni iyè náà ṣe ń ra, lè gba ẹ̀mí là. Kò náni lówó. Ó kàn ń fẹ́ ẹni tí yóò pè wọ́n jókòó.

Ohun tó wà lọ́wọ́ Tẹ̀dé

Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan yẹ kó ní ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè tó ń bá ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ṣiṣẹ́. Ìgbìmọ̀ yìí lè kọ orúkọ gbogbo àgbà ní agboolé sí agboolé, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìwé ńlá kan àti bírò ló gbà. Ìwé náà ni ìjọba ìbílẹ̀ yóò fi mọ iye oògùn. Òun ni àjọ ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yóò fi mọ ẹni tí yóò kọ sílẹ̀. Òun ni a ó fi mọ̀ bí màmá kan kò bá yọjú fún oṣù méjì, kí òṣìṣẹ́ lè lọ wò ó nílé. Lẹ́yìn èyí ni ìlà kan nínú ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀, tí a kọ “ìtọ́jú àgbà” sí níwájú, tí òṣìṣẹ́ kan tí a mọ ipò rẹ̀ ń ròyìn rẹ̀ ní gbangba lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Ìlà tó kéré gan-an sàn ju ìlérí lọ, nítorí pé a lè béèrè lọ́dún tó ń bọ̀ pé kí ló dé tó fi dín kù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ aṣáájú ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé kíkọ́. Ilé ṣeé fi rìbọ́ọ̀nù ṣí. Oògùn oṣù mẹ́ta kò ṣeé yà ní fọ́tò.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ṣèbẹ̀wò sí agboolé kan ládùúgbò rẹ. Kí àwọn àgbà ibẹ̀ bó ṣe tọ́ kí o tó béèrè ohunkóhun. Ta ni ó ń tọ́jú wọn lọ́sàn-án, ta ni lóru? Kí ni olùtọ́jú náà ti fi sílẹ̀ kó lè ráyè ṣe é?

2. Ìpínlẹ̀ kan ní ₦600 mílíọ̀nù lọ́dún fún àgbà 50,000. Ṣírò ohun tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù bí ó bá kárí, àti ohun tí yóò kàn án bí o bá yan 5,000. Kọ ohun tí o máa sọ fún àwọn 45,000 tó kù.

3. Kọ ìbéèrè márùn-ún tí a lè fi mọ ọjọ́ orí àgbà tí kò ní ìwé ìbí. Inú ìtàn ìlú tìrẹ ni kí o ti mú wọn.

4. Màmá inú ìtàn wa ń lo oògùn lónìí, ó ń fo ọ̀la. Láìdárúkọ ènìyàn kankan, kọ ipò tí ó yẹ kí ó dáhùn fún hóró tí màmá fò, kí o sì fi abala òfin tí o gbé e lé hàn.